Èéfín Inú Ọtí Mista Kálọ̀m

Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Òkìtìpupa ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ṣé mo rí yìnyín? N kò rí yìnyín. Oṣù kẹjọ ni mo lọ, oòrùn sì mú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ṣé mo rí ọba wọn? Ọba wọn kò gbọ́ pé mo wá. Àwọn kan tiẹ̀ ń bi mí bóyá òyìnbó máa ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ẹyẹ ni mo lọ wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹnu mi sì sinmi. Ọ̀rọ̀ èéfín ni mo bá bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yìnyín, ó sì kan ìyá wa tí gbogbo yín mọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ fún un. Ìyá wa ni Màmá Ológógóró tó wà lẹ́yìn ọjà, kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń se ògùrọ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù, tí oru rẹ̀ ń gba inú páìpù bàbà kọjá lábẹ́ omi tútù, tó sì ń kán tó, tó, tó sínú ìgò. Bàbá wa ti kú nígbà tí Akin àbúrò mi kò tíì rìn dáadáa. Ògógóró yìí ni Màmá fi tọ́ wa, òun náà ló fi rán wa níwèé. Èmi di tíṣà, Akin di ará Lọ́ńdọ̀nù.

Ilé tó jọra

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ní Parsloes, àdúgbò tí Akin ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ni bí àwọn ilé ṣe jọra. Bíríkì pupa, wíńdò funfun, ọgbà kékeré níwájú, òmíràn lẹ́yìn, ilé kan fara ti èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo ní kí n nasẹ̀ lọ wo pápá ńlá tó wà nítòsí. Nígbà tí mo ń bọ̀, ilẹ̀kùn mẹ́ta ni mo kàn kí n tó bá tiwa. Obìnrin ará Bangladesh kan ló ṣí èyí kejì. Ó wo gèlè mi, ó wo ojú mi, ó sì nawọ́ sí apá ọ̀tún láìsọ nǹkan kan. Ó hàn pé èmi kọ́ ni àlejò Akin tó kọ́kọ́ ṣi ilé.

Akin àti Fúnmi ìyàwó rẹ̀ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Iṣẹ́ Fúnmi ni kí ó máa lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé tiwọn, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn tó ń kọjá lọ ń wò wá.

“Dìde, ìyàwó wa,” mo ní. “Orúnkún rẹ á dọ̀tí.”

“Ẹ jẹ́ kó dọ̀tí jàre, Àǹtí wa. It's been too long!”

Akin ti sanra. Ó ti di ẹni pàtàkì pẹ̀lú nínú ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ ní Barking. Kí n tó bọ́ bàtà tán ló ti sọ fún mi pé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n máa fi òróró yan òun sí ipò alàgbà, pé ìdí nìyẹn tí òun fi ní kí n wá ní oṣù yìí gan-an. Inú mi dùn débi pé mo fò mọ́ ọn lọ́rùn lẹ́ẹ̀kejì.

“Ṣùgbọ́n Sìsí,” ó ní, “tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ rọra máa bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. They're very nice people o, ẹ kàn má jẹ́ kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè púpọ̀.”

N kò ro ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì nígbà náà. Mo rò pé ẹnu mi ló ń bà á lẹ́rù, torí ẹnu mi kì í dákẹ́, ẹ̀yin náà sì mọ̀.

Ọjà East Street

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ebi oúnjẹ ilé á pa yín ní Barking. Fúnmi mú mi lọ sí ọjà tí wọ́n ń ná sójú títì ní East Street. Iṣu wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, ata rodo wà tó ń dán, ẹja gbígbẹ náà wà tí wọ́n fi ọ̀rá dì mọ́lẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n. Ọkùnrin òyìnbó kan tó ń ta èso ń pè mí ní olólùfẹ́ rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí mo fẹ́ rà. Mo wo Fúnmi. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń pè bẹ́ẹ̀, kí n má wulẹ̀ gbéra ga.

Púpurú nìkan ni n kò rí. Mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ta gàrí àti èlùbọ́.

“Mummy, kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?”

Mo sọ fún un pé a máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ títí á fi kan, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n rogodo, a ó sì tò ó sókè iná títí èéfín á fi wọ̀ ọ́ dénú. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, inú rẹ̀ á funfun. A ó ha dúdú yẹn kúrò kí a tó gún un.

“Ah, Mummy, that one go strong o,” ó ní, ó sì ta gàrí fún mi.

Ti ìkíni wọn ló ṣòro fún mi jù. Wọ́n á bi ọ́ bóyá àlàáfíà ni, kí o tó lanu wọ́n á ti kọjá. Ní ọjọ́ kìíní, mo tẹ̀lé ọkùnrin kan dé ìkòríta kí n lè dá a lóhùn dáadáa, kí n sì bi í léèrè ìdílé rẹ̀. Ó yára sọdá sí òdì kejì títì. Nínú ọkọ̀ ojú irin ńkọ́? Ogójì èèyàn á jókòó, orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, kò sí ẹni tó máa mọ orúkọ ẹnì kan títí wọ́n á fi bọ́ sílẹ̀. Mo kí gbogbo wọn káàsán nígbà tí mo wọlé. Obìnrin arúgbó kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn, ó sì dà bí ẹni pé ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń retí ìkíni náà.

Mo da ọtí ọlọ́tí nù

Èmi ni mo ní kí a lọ kí aládùúgbò. Akin ní kò pọn dandan. Mo ní ògiri kan ṣoṣo kò lè wà láàárín èmi àti ẹnì kan kí n má mọ ojú rẹ̀.

Mista Kálọ̀m ni wọ́n ń pè é. Baba arúgbó ni, ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ mọ́tò ní Dagenham nígbà tó lágbára, ṣùgbọ́n erékùṣù kan ní apá àríwá, ní ilẹ̀ Scotland, ni wọ́n ti bí i. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé Akin kejì wà, òun ló sì ń bá wọn gba ẹrù tí wọn kò bá sí nílé. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń gbé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé la lọ. Nígbà tí Mista Kálọ̀m gbọ́ pé láti Nàìjíríà ni mo ti wá, ó gbé àga sí ọgbà ẹ̀yìn ilé, ó wọlé, ó sì gbé ìgò ọtí kan àti ife mẹ́ta jáde. Ó ní wisikí erékùṣù àwọn nìyí. Ìyàwó òun ló rà á fún òun kí ó tó kú, pé kí òun ṣí i ní ọjọ́ tí àlejò gidi bá dé. Akin fi ọwọ́ bo ife tirẹ̀. Ó ní ìjọ àwọn kì í mu ọtí, Mista Kálọ̀m sì mi orí, torí ó ti mọ̀. Ìjọ tèmi ní Òkìtìpupa kò kọ díẹ̀, nítorí náà mo gba tèmi.

Mo gbé ife sí imú. Èéfín!

Kì í ṣe èéfín díẹ̀. Ó gba imú mi kan dé àtàrí. Ọkàn mi bàjẹ́ fún baba yìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí mò ń sọ: èéfín nínú ògógóró túmọ̀ sí pé ẹni tó ń ṣọ́ iná ti sùn lọ, tí ìdí dúrọ́ọ̀mù jóná, tàbí kí ìdérí má dé dáadáa. Ẹ sì mọ ohun tí Màmá kọ́ wa. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá gbọ́ òórùn èéfín nínú ọtí ẹlòmíràn, kò gbọdọ̀ pariwo. Á rọra dìde, á kó gbogbo ife tó wà nílẹ̀, á lọ dà á sẹ́yìnkùlé, á padà wá jókòó bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó bá ku òun àti ọlọ́tí nìkan ni á tó sọ ọ́ sí i létí. Bí a ṣe ń bo àṣírí ara wa nìyẹn.

Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Mo dìde. Mo rọra gba ife ọwọ́ Mista Kálọ̀m, tí kò tíì fẹnu kàn án. Mo kó o pọ̀ mọ́ tèmi, mo lọ sídìí òdòdó, mo sì da ọtí méjèèjì sílẹ̀. Nígbà tí mo padà, mo na ọwọ́ sí ìgò náà pẹ̀lú, kí n lè bá a parí ọ̀rọ̀ náà. Baba fi ọwọ́ méjèèjì di ìgò mú mọ́ àyà.

“Sìsí!” Akin ti dìde dúró. “Jesu! Kí lẹ ń ṣe?”

Mo fẹnu sí etí Mista Kálọ̀m. Mo sọ fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ́ ọmọ yín níwèé pé kí ó má fòyà, pé kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ojú baba náà pọ́n. Kò bínú jáde. Ó bi mí pé kí ni kò sí ẹni tó máa gbọ́. Kí n tó dáhùn, Akin ti bọ́ sáàárín wa.

“I'm so sorry, Calum,” ó ní. “My sister doesn't know anything about drink. Aṣọ, I mean, cloth, our mother sells cloth. We didn't grow up around these things.”

Mo yíjú sí i. Ó fi ojú bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Ẹ̀yin ará ilé, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tí n kò sọ ọ́.

Màmá aláṣọ

“Ta ló ń ta aṣọ?” mo bi í nígbà tí a wọlé.

“Sìsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. The walls are thin.”

“Mo ní ta ló ń ta aṣọ, Akíntúndé?”

Ó jókòó. Fúnmi, tó ń din dòdò lọ́wọ́, pa iná, ó sì dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn. Akin wá sọ fún mi pé nígbà tí òun kọ́kọ́ dé ìjọ náà, ẹnì kan bi òun ní iṣẹ́ tí ìyá òun ń ṣe, aṣọ ló sì bọ́ sí òun lẹ́nu. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà ti di òtítọ́ fún gbogbo wọn. Wọ́n ti fi Màmá aláṣọ gbàdúrà. Akọ̀wé ìjọ ti kọ ọ́ sínú ìtàn ayé rẹ̀ tí wọ́n máa kà ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń fi òróró yàn án.

“Ìjọ tí kì í fẹnu kan ọtí ni, Sìsí. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ògógóró ni wọ́n fi tọ́ mi, they'll look at me somehow. Wọ́n lè má yàn mí mọ́. Mo ti sìn fún ọdún mọ́kànlá.”

“Màmá ńkọ́? Ọdún mélòó ni òun fi sìn?”

Ó dùn mí, ó dùn mí dé egungun. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo rántí ara mi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí ìdí tí aṣọ mi fi ń rùn èéfín, mo sọ fún wọn pé epo pupa ni ìyá mi ń ṣe. Màmá kò mọ̀. Mo sọ èyí fún Akin lójú ìyàwó rẹ̀, ó sì tẹ orí ba.

“Mo máa bá ọ dákẹ́ ní ìjọ rẹ,” mo ní. “Ẹnu rẹ ni ọ̀rọ̀ náà máa ti jáde, kì í ṣe ẹnu mi. Ṣùgbọ́n baba òyìnbó yẹn kò sí nínú ìjọ rẹ. Mo da ọtí ìyàwó rẹ̀ tó ti kú nù. Òtítọ́ ni mo máa fi bẹ̀ ẹ́.”

Ohun tó wà nínú ìgò

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé mọ́ínmọ́ín mẹ́rin sínú abọ́, mo lọ kan ilẹ̀kùn Mista Kálọ̀m. Mo kúnlẹ̀. Baba náà dààmú, ó rò pé mo ṣubú ni, ó fẹ́ fà mí dìde. Mo ní bí a ṣe ń bẹ àgbà nílé wa nìyí. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, tí mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Màmá, dúrọ́ọ̀mù, páìpù bàbà, àti ìdí tí ọmọlúàbí fi ń da ọtí tí èéfín wọ̀ nù láìpariwo.

Ó gbọ́ mi dé òpin. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́, tó sì ń nu omijé. Ó ní òun ti rí àwọn tó mu ọtí náà tí wọ́n yọ ṣùtì, òun ti rí àwọn tó ní òórùn ilé ìwòsàn ló ń rùn, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ẹni tó fẹ́ bo àṣírí òun rí. Ó ní inú ìyàwó òun ì bá dùn láti rí i.

Ó tún gbé ìgò náà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣàlàyé kí ó tó bù ú.

Ní erékùṣù wọn, igi kò pọ̀. Ilẹ̀ tó rin ni wọ́n ní, níbi tí ewéko ti ń kú, tó ń rì sínú omi, tó sì di ilẹ̀ dúdú kìjikìji láti ayébáyé. Píìtì ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ máa ń fi ọkọ́ tóóró gé e bí ẹni gé búrẹ́dì, wọ́n á sá a sí afẹ́fẹ́ títí á fi gbẹ, wọ́n á sì fi dáná. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ọtí, wọ́n á rẹ ọkà bálì sínú omi títí á fi hù díẹ̀, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sókè iná píìtì yìí, kí èéfín rẹ̀ gbẹ ẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń pọn ọ́n, tí wọ́n ń sè é nínú ìkòkò bàbà, tí wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú àgbá igi, tó ń sùn síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ní etí òkun.

Mo gbé ọwọ́ sókè kí ó dúró. “Ẹ ní kí wọ́n tó sè é ni èéfín ti wọ inú ọkà?”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo pàtẹ́wọ́. Púpurú ni! Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe púpurú ni wọ́n gbà ń ṣe ọkà yìí. Kò sí ẹni tó sùn lẹ́nu iṣẹ́, kò sí dúrọ́ọ̀mù tó jóná. Wọ́n fẹ́ èéfín náà ni, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n fi í sí. Mo ṣàlàyé púpurú fún un, ó sì yé e kíákíá ju bí ó ṣe yé ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn lọ.

Mo wá mu ọtí náà. Ó ní kí n kán omi díẹ̀ sí i, kí n sì fi sí ẹnu fún ìgbà díẹ̀ kí n tó gbé e mì. Èéfín ló kọ́kọ́ dé, bíi ti àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan ẹja. Òórùn oògùn tí nọ́ọ̀sì fi ń nu egbò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà iyọ̀, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ òkun bá fẹ́ sí ni lẹ́nu ní Ayétòrò. Nígbà tí mo gbé e mì tán, tí mo rò pé ó ti parí, adùn kan jáde lábẹ́ gbogbo rẹ̀, adùn ọkà, ó sì pẹ́ lẹ́nu mi. Ògógóró Màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Ti Màmá mọ́ bí omi òjò, ó sì ń wọlé láìjanpata, kí ó tó dáná sí ni láyà. Ọtí Mista Kálọ̀m ní àríyànjiyàn nínú. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, ó sì ní ìwà àwọn èèyàn erékùṣù òun náà nìyẹn.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Akin dé láti ibi iṣẹ́, ó ń wá mi. Ó gba ọ̀nà ọgbà wọlé. Mista Kálọ̀m kò jẹ́ kí ó jókòó kí ó tó dá a lẹ́bi.

“Ọdún mọ́kànlá,” ó ní. “Mo ti sọ fún ọ bí bàbá mi ṣe ń gé píìtì, bóyá nígbà ogún. O jókòó sórí àga yẹn, o ń mi orí, o sì mọ̀ pé obìnrin kan ṣoṣo, láìsí ọkọ, ni ìyá rẹ, òun ló ń dáná, òun ló ń ṣọ́ ọ, òun ló ń tọ́ ọ wò, òun ló ń tà á! Àwọn ọkùnrin mẹ́wàá ló ń ṣe ìyẹn ní ilé wa. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? N bá ti bi ọ́ ní ẹgbẹ̀rún ìbéèrè.”

Akin wo ife tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo baba náà. Mo rí i pé ohun tó rí ní ojú Mista Kálọ̀m kò yé e, torí kò tíì rí i lójú ẹnikẹ́ni rí nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyá wa. Iyì ni baba náà fi ń sọ ọ́. Èmi náà kò tíì rí i rí, mo sì jókòó síbẹ̀, mo gbé orí mi sókè bí ìyàwó tuntun.

“Calum, it's complicated,” Akin ní níkẹyìn.

“Kò díjú,” ni baba náà dáhùn. “Iṣẹ́ ni.”

Òróró

Nínú gbọ̀ngàn kan lókè àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Barking ni ìjọ náà ti ń pàdé. Gbogbo wọn wọ sùtánà funfun, gbogbo wọn sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Mo bọ́ tèmi. Mista Kálọ̀m, tí mo pè láìgba àṣẹ, bọ́ tirẹ̀ náà, ó sì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ àwọ̀ ewé. Wọ́n ń kọrin débi pé ilẹ̀ pẹpẹ ń mì. Mo pa ìlérí mi mọ́ o. Obìnrin mẹ́ta ló bi mí léèrè Màmá aláṣọ, mo ní ara rẹ̀ le, mo sì fi orin bo ìyókù.

Nígbà tó tó àkókò, wọ́n pe Akin síwájú. Bàbá Ìjọ dúró pẹ̀lú òróró lọ́wọ́, àgbàlagbà tí ohùn Ìjẹ̀bú kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti ogójì ọdún tó ti dé ìlú náà. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ayé àbúrò mi. Ó ka ibi tí wọ́n bí i sí. Ó ka pé bàbá rẹ̀ kú láìtọ́jọ́. Ó ka pé ìyá rẹ̀, oníṣòwò aṣọ tó gbajúmọ̀, ló tọ́ ọ dàgbà nínú ìbẹ̀rù Ọlọ́run.

“Ẹ dákun, sà,” Akin ní.

Akọ̀wé dúró.

“I need to correct something. Ìyá mi kò ta aṣọ rí. Ògógóró ló ń sè. Òun ló fi tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó síbẹ̀ yẹn. Èmi ni mo máa ń kó igi sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù kí n tó lọ sílé-ìwé. Kì í ṣe akọ̀wé ló ṣìṣe, èmi ni mo parọ́ fún gbogbo yín, láti ọdún mọ́kànlá. Tí ẹ ò bá lè yàn mí mọ́, I understand. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka aṣọ yẹn mọ́.”

Ọmọ ọwọ́ kan ké, wọ́n gbé e jáde. Fúnmi di ọwọ́ mi mú débi pé ìka ń ro mí. Mo ń wo Bàbá Ìjọ, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé tí wọ́n bá lé àbúrò mi lónìí, èmi gan-an ni mo máa gbé bàtà rẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì jọ máa lọ pẹ̀lú orí wa lókè.

“Ìwọ ńkọ́,” Bàbá Ìjọ ní, “ṣé o ń mu ún?”

“N kò fẹnu kàn án rí, sà.”

“Ṣé o ń tà á?”

“Rárá, sà.”

“Ìyá rẹ ṣì wà láyé?”

“Ó wà láyé, sà.”

Bàbá Ìjọ yíjú sí akọ̀wé. “Pa aṣọ rẹ́. Kọ ohun tó sọ. Kọ orúkọ ìyá rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú.” Lẹ́yìn náà ló sọ fún Akin pé, “Irọ́ tí o pa, a máa bá ọ wí nítorí rẹ̀. Kúnlẹ̀.”

Ó da òróró sí i lórí. Mo sunkún, mo jó, mo tún sunkún. Mista Kálọ̀m kò mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn pàtẹ́wọ́, nítorí náà ó ń pàtẹ́wọ́ nígbà gbogbo.

Nígbà tí ìsìn parí, Akin sáré sọ̀kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, òróró ṣì ń dán níwájú orí rẹ̀. Ó pe Màmá lórí fóònù, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí èmi náà lè gbọ́.

“Màmá, mo sọ fún ìjọ.”

“O sọ kí ni?”

“Mo sọ pé ògógóró lẹ fi tọ́ mi.”

A ń gbọ́ adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé Màmá.

“Ṣé wọ́n lé ọ?”

“Wọn ò lé mi, Màmá. Wọ́n fi òróró yàn mí.”

“A dúpẹ́,” ó ní. “Ṣé mo wá lè kó àwọn aṣọ inú pálọ̀ kúrò báyìí?”

Akin wò mí. Èmi ti ń rí aṣọ níbẹ̀, mo rò pé ó kàn ń rà á pamọ́ ni. “Aṣọ wo, Màmá?” ni Akin bi í.

“Àwọn tí mo rà. Ọ̀rẹ́ rẹ kan tó ti ọ̀hún wá kí mi lọ́jọ́ kan, Màmá aláṣọ ló ń pè mí. Mo mọ̀ pé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo lọ ra díẹ̀, mo tò ó sí pálọ̀, kí ẹlòmíràn tó bá tún wá má baà mọ̀ pé irọ́ lo pa.”

Akin jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀.

“Ẹ kó o kúrò, Màmá,” ó ní. “Ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò.”